Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ẹ̀ka Igi Mi

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi mú mi lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn Upper Marlboro, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, tí mo wọ bàtà gogoro lọ nítorí mo rò pé ilé la fẹ́ lọ wò. Ilé ni gbogbo ẹgbẹ́ wa ń rà nígbà náà, ní Kettering àti àyíká rẹ̀, ilé tó ní gáréèjì ọkọ̀ méjì, èmi náà sì ti ń fi ojú inú to àga sínú tèmi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni abà tábà àtijọ́ kan tó ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé onípákó kékeré níwájú rẹ̀, àti pápá tí koríko ti bò. Gìgísẹ̀ bàtà mi rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ mi nawọ́ sí ibi tí ilẹ̀ náà ti ga díẹ̀, ó ní, "Àjàrà la máa gbìn síbẹ̀ yẹn." Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Kò ṣeré. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló mú un lọ sí ọgbà àjàrà kan lápá òkè Maryland, níbi tí òtútù ti ń mú ju tiwa lọ. Ó rí i pé tọkọtaya kan àtàwọn ọmọ wọn ló ń tọ́jú ọgbà náà, tí wọ́n ń ṣe wáìnì, tí wọ́n sì ń tà á níwájú ilé. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì sì ni èmi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti búra pé n kò ní fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n olóko kòkó ni bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ìbàdàn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ọmọ olóko ni mí," ni yóò wí, bí ẹni pé òun ló gbé kòkó dé Nàìjíríà. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn. Bíbélì ní a kì í jẹ èso igi tuntun ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà a fún ọgbà náà ní ọdún mẹ́rin. Bí èso ọdún kẹrin kò bá dára, a ó ta ilẹ̀, a ó ra ilé ní Kettering. Mo gbà tọkàntọkàn, nítorí ó dá mi lójú pé ilé mi ń bọ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àjàrà máa ń wọ ènìyàn lára. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tí mo fi ń wà láàárín wọn, tí mo ń so ọ̀mùnú mọ́ wáyà. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo ilẹ̀ tí gbogbo wọn sì dà bí igi gbígbẹ, màá dúró lójú fèrèsé máa gbàdúrà fún wọn bí mo ṣe ń gbàdúrà fún aláìsàn. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn, ìtìjú sì ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Mo ka gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ewé tuntun tó yọ, ẹ gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka ọdún tó kọjá dànù, torí bí ẹ̀ka bá pọ̀ jù, èso kò ní dùn.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí a gé ẹsẹ̀ ọmọ. "Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀ka igi tó ń so," ló wí. "Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ." Bàbá náà ti kú kí a tó ra ilẹ̀, kò sì ṣeé ṣe fún ọkọ mi láti lọ sin ín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi di òfin. Mo fi ìwé hàn án, ó ní àwọn tó kọ ọ́ kò mọ bàbá òun. A jà títí ó fi sú wa.

Ní ọdún kẹta, ọgbà di igbó. Ẹ̀ka lọ́ mọ́ ẹ̀ka, oòrùn kò rí ibi wọlé, ooru oṣù kẹjọ sì mú kí èso bu. Èyí tó yè kan gógó. Lẹ́yìn ìkórè yẹn, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ gba Kettering, ó ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Ó ti gbà pé ọdún kẹrin náà kò ní yàtọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń mú ṣẹ. Ilé tí mo ti ń sunkún fún ló ń fi lọ̀ mí, èmi ni mo wá ń wá àwáwí: èyí kò ní oòrùn ní kíṣìnnì, tọ̀hún sún mọ́ títì jù.

Ìgbà òtútù yẹn ni mo bí ọmọbìnrin wa, ìyá ọkọ mi sì ti Ìbàdàn wá wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí oṣù kẹta dé, ní ọjọ́ Sátidé kan, Màmá pọn ọmọ, ó da kóòtù ọkọ mi bo àwọn méjèèjì, ó ní òun fẹ́ rí oko tí ọmọ òun ń ròyìn. Ó wò ó títí.

"Oko náà dà?"

"Màámi, òun lẹ dúró sí yìí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gé e?"

Ọkọ mi sọ òfin bàbá rẹ̀ fún un. Màmá rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ni bàbá ẹ ń bá wí," ni ó wí. "Hólídè nìkan lẹ máa ń wá sóko, ẹ ó máa gun kòkó, ẹ ó máa fa ẹ̀ka ya. Ló ṣe ń pariwo pé ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀ka igi òun. Tẹ́ ẹ bá ti padà sí sùkúù, èmi àti bàbá ẹ la jọ máa ń gé èyí tí ò wúlò."

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ olóko má baà rí ẹ̀rín mi. Ó di ẹ̀ka kan mú. "Ṣùgbọ́n Màámi, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. "Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà," ni ó wí. "Ti bàbá ẹ wà n'Íbàdàn. Tìẹ rèé. Gé e."

Mo fi àlùmọ́gàjí ńlá tí mo ti rà tipẹ́ lé ọkọ mi lọ́wọ́. Bó ṣe gé ẹ̀ka kìíní, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ojú ibi tó gé, ọkọ mi sì dáwọ́ dúró. "Ó ń sunkún," ló wí.

Màmá gbọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èyí tí mo pọ̀n yìí náà sunkún nígbà tí wọ́n gé ìwọ́ ẹ̀."

Ìgbà náà ni ọkọ mi fúnra rẹ̀ sunkún, n kò sì rò pé nítorí àjàrà ni. Bàbá rẹ̀ tí kò rí sin ló ń sunkún fún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, a sì gé e títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èso ọdún kẹrin kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó sì dùn. Màmá ti padà sílé, orí fóònù ni mo ti ròyìn rẹ̀ fún un. A gbé ìgò wáìnì mélòó kan lọ sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ kan yínmú sí i, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ wá béèrè bóyá ó kù. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Kettering nínú ilé wa.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Ọmọ tó pọ̀n lọ́jọ́ náà ti ní ilé tirẹ̀ ní Fairwood, láti kékeré ni kì í bá wa jáde lọ gé ẹ̀ka nínú òtútù, àtìgbà tó sì ti wọ yunifásítì, ìgbà ìkórè nìkan ló máa ń rójú wá, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fi wáyà ṣe jangirọ́fà, tí bàbá àgbà wọn ń jágbe mọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀ka igi òun. A fún un ní igi àjàrà kan, ó gbìn ín sẹ́yìn ilé. Ní oṣù kẹta tó kọjá, mo rí i pé ẹ̀ka rẹ̀ ti bo gbogbo ògiri onípákó, ó ní kò sì tíì so ohun tó ṣeé jẹ. Mo béèrè ìdí tí kò fi gé e.

"Ah, Mummy, Daddy said we should never touch the branches. Every single summer!"

Mo jókòó sórí koríko rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣomi. Mo rántí obìnrin tó pọ̀n ọ́n nínú òtútù, mo sì rí i pé kò tíì pẹ́ jù. Mo dìde, mo lọ mú àlùmọ́gàjí nínú búùtù ọkọ̀, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Ti bàbá ẹ wà ní Upper Marlboro," ni mo wí. "Tìẹ rèé."