Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ọkọ̀ Kúkúrú Tó Ń Gbé Ẹrù Gígùn

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó sọ lójú mi pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò mọ ẹrù gbé. Jórinjórin ni mí, inú mi sì tètè máa ń gbóná; àwọn tí a jọ ń ṣe ṣọ́ọ̀bù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ti kàn mí kò dára létí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi rán aṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìta kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abẹ́rẹ́. Á na òwú síwájú, á fà á sẹ́yìn, ihò abẹ́rẹ́ á ní òun kò sí nílé. Ohun tó wà lókèèrè ńkọ́? Ó ń rí i kedere. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, ó ní, "Bí ojú mi bá kọ ohun tó wà nítòsí, màá wá iṣẹ́ tó jẹ́ ti òkèèrè ṣe." A rò pé àwàdà ni. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

Ọkọ̀ tó rà ló wá di ẹ̀rín. Píkọ́ọ̀pù ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ẹrù gígùn ló pọ̀ lágbègbè wa: páìpù, pákó, àkàbà, irin kọ́tìnnì. Àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró níwájú ilé ìtajà páìpù sọ ọ́ ní Ìyá Ìdí-Kúkúrú. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni inú mi ń hó.

Ẹrù páìpù àkọ́kọ́ tó gbé, ìdajì rẹ̀ ló rọ̀ sẹ́yìn. Kò tíì dé ìkóríta kejì tí páìpù mẹ́fà fi sùn sójú títì, tí gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ń fọn fèrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, téèpù aránṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "mo fẹ́ kí o bá mi rán ìrù mọ́ ọkọ̀ yìí."

Ihò onígun mẹ́rin kan wà lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n máa ń ki irin bọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fa ọkọ̀ mìíràn. Mo ṣe irin kan tó wọ inú ihò yẹn ṣinṣin, tó na ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sẹ́yìn, tó wá dìde dúró, mo sì dábùú irin mìíràn lé orí rẹ̀. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, orí ẹrù á wà nínú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ á jókòó lórí irin ìdábùú yẹn, kò ní rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo rò pé mo ti parí, ẹ̀gbọ́n mi fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ní apá òsì fi ìbú èékánná kan ga ju apá ọ̀tún lọ.

Mo bínú. Mo ní kí ló kan páìpù nínú ìbú èékánná.

"Ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ," ó ní, "kò ní í padà wá bá ọ."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo gé e, mo tún un jó. Òun náà mú fóòmù àti awọ, ó rán ìrọ̀rí fún irin náà kó má baà ha ẹrù lára. Aṣọ pupa tí àwọn awakọ̀ mìíràn ń fi àkísà ṣe, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìparí ẹrù gígùn kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i, tirẹ̀ ní ìṣẹ́tí yípo. Láàárín ọdún méjì, àwọn tó ń pè é ní Ìyá Ìdí-Kúkúrú ti ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn náà rán ìrù. Mọ́kànlá ni mo ṣe. Èyí tó kẹ́yìn, olórí ẹlẹ́yà wọn ló ni ín. Mo jẹ́ kó dúró nínú oòrùn díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.

Bó ṣe ń so ẹrù ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bẹ́líìtì ló ń lò, irú èyí tó ní irin kékeré lẹ́nu. Bí a bá ń tẹ irin náà sókè-sódò, bẹ́líìtì á máa fún sí i. Bó bá jẹ́ irin ló gbé, á fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ rọ̀, á fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì. Ó ní aṣọ tí kò fún ara láyè láti mí, yíya ló máa ya. Níbikíbi tó bá sì ti dúró lọ́nà, kó tó tún wọ ọkọ̀, á yí ẹrù ká, á fi ọwọ́ kan gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìtajà páìpù ra ọkọ̀ ńlá tiwọn, iṣẹ́ sì dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi kò rí ẹrù gbé. Ọkùnrin kan wá wo ọkọ̀ náà láti rà á, ó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà bí ẹni tó ti ni ín. Ọ̀gá aránṣọ àtijọ́ náà ránṣẹ́ pé àyè wà, pé kó wá máa já òwú lára aṣọ tí àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ bá rán. Ó dùn mí dé egungun.

Àárín ìgbà yẹn ni bàbá kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi háyà fún àwọn èèyàn létí adágún wá wa kàn. Káyáàkì ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe, tí èèyàn kan ń jókòó sínú rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn, mẹ́rìndínlógún sì ni.

"Màdáámù," bàbá náà wí, "ẹ kọ́kọ́ gbé mẹ́rin. Bí wọ́n bá délẹ̀ láìní àbùkù, tiyín ni méjìlá tó kù, àti gbogbo èyí tí mo bá ní láti gbé káàkiri lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ má bínú, màá padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá tí mo ti ń lò tipẹ́."

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí èyí bá bọ́, màá ta ọkọ̀."

Lọ́jọ́ tó máa gbé wọn, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní màá bá a lọ. A da ojú káyáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bolẹ̀, ikùn wọn kọjú sókè, ó so wọ́n, ó fi ìka méjì wò ó, ó yí i ká, a gbéra. Ní ilé epo, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fọwọ́ kan bẹ́líìtì, mo rí i pé ó ń mì. Mo mọ̀ pé bó ṣe ń so ó nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo ro ẹni tó ń ta táyà nípàá, mo ro òwú jíjá, mo wá gbá irin bẹ́líìtì mú, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ké. Gbogbo rẹ̀ ni mo fún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà, ọwọ́ mi ṣì wà lára ẹrù.

"Ó dáa?" ó bi mí.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò yí ẹrù ká lọ́jọ́ yẹn. Èmi ló rí níbẹ̀, ó sì gbà pé ojú òun ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe níwájú. Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi jókòó sójú kan náà nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí a dé etí adágún, ẹ̀gbọ́n mi tú bẹ́líìtì àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá lórí ikùn káyáàkì ti tẹ̀ wọnú bí ìrọ̀rí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí kúrò lórí rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀, ojú méjì-méjì.

"Ìwọ lo fún un?"

"Èmi ni."

Mo ń retí èébú. Ó wù mí kó bú mi. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó ní, kò sì parí òwe náà.

Bàbá tó ni káyáàkì wà ní òdì kejì omi pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì lábẹ́ ibòji ní kò ní í pẹ́ dé, bíi wákàtí kan. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ omi gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ sókè.

"Oòrùn tó bà á jẹ́ náà ló máa tún un ṣe," ó wí fún mi. "Rọ́bà kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe bí i. Gbé èyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ ikùn rẹ̀ sí oòrùn."

Mo dì í mú. Ó rọ omi gbígbóná sí ojú ibi tó tẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, ó ti apá bọ inú ihò ìjókòó dé èjìká, ó sì ń fi aṣọ tó wé rògòdò ti ibẹ̀ jáde láti inú. Kò fipá mú un. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń lọ ọrùn aṣọ, díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. Ó ṣe díẹ̀, ó dún pọ́, ikùn káyáàkì sì yọ síta. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe é lọ dé ojú kẹjọ. Iyanrìn ti kún irun rẹ̀. Mo di ojú mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ara wọn, n kò rí ibì kankan tó tẹ̀.

Mo fẹ́ jó. Mo ti ń kó bẹ́líìtì jọ nígbà tí a rí i pé bàbá náà ti ń bọ̀ lórí omi.

"Màá sọ fún un," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ojú tó lè rí i."

"Ojú mi rí i. Èèyàn ló máa jókòó sínú rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tún máa tẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ àárín omi ni wọ́n ti máa mọ̀."

Inú bí mi débi pé n kò lè dúró sójú kan. Mo ń wò ó bó ṣe ń gbọn iyanrìn kúrò lára, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pàdé ohun tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí bàbá náà, ó sì mú un lọ síbi káyáàkì.

"Ọ̀gá, bẹ́líìtì fún jù, oòrùn sì mú wọn. Gbogbo wọn ló tẹ̀, níbí àti níbí. Mo ti tì í jáde, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé wọn sómi wò kí oníbàárà kankan tó wọ̀ wọ́n."

Bàbá náà wò wọ́n, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló so wọ́n?"

"Èmi ni. Èmi ni mo gbé ẹrù."

Ibẹ̀ ni ara mi kò ti gbà á mọ́. "Kì í ṣe òun, sà," mo wí. "Òun so ó bó ṣe yẹ. Èmi ni mo lọ fún un lẹ́yìn rẹ̀."

Bàbá náà sún mọ́ káyáàkì. Ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú kọ̀ọ̀kan, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà," bàbá náà ní nígbà tó dìde, "ni àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá yẹn fi bá mi gbé ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ìgbà ni mò ń rí i tó tẹ̀. Wọ́n á ní bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá nìyẹn." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Màdáámù, méjìlá ló kù. Ṣé ọ̀la dáa?"

"Ọ̀la dáa, sà," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó yíjú sí omi, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Bàbá náà wá kọjú sí mi. "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, kí ni màdáámù jẹ́ sí ọ tó fi fẹ́ ru ẹ̀bi rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," mo wí. "Ọmọ ìyá kan náà ni wá." Mo sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì àti gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ lórí omi lè gbọ́.