Ẹsẹ̀ Mi Ni Etí Rẹ̀

Elétí Ajá làwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Mẹkáníìkì ni. Kí ọkọ̀ tó yà sí àdúgbò wa ló ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò ki ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ etí, yóò na ẹnu kejì káàkiri ara ẹ́ńjìnnì. Ibi tó bá ti gbọ́ atẹ́gùn tó ń yọ́ wọlé bí olè, ibẹ̀ ló máa dí.

Etí náà ti di. Kò sọ fún mi, èmi náà ò bi í. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Bó bá tan ọkọ̀, á wò mí. Bí ọkọ̀ bá ń wúkọ́, màá dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Bó bá dáa, màá máa rán aṣọ mi lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Oníbàárà kan ṣoṣo tó kù ni tíṣà. Àwọn yòókù ti ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà níwájú. Bí ọkọ̀ tíṣà yìí bá wà lójú kan, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ iná wọlé gan-an, ó ń sáré. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà: ẹ sáà fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, epo ò ní tó, atẹ́gùn á pọ̀ jù, á wúkọ́, á sì fẹ́ kú.

Láti àárọ̀ ni ọkọ mi ti ń tú kábúrétọ̀ náà, tó ń fẹnu fẹ́ ojú ihò rẹ̀, tó ń pààrọ̀ pépà tó ń dí atẹ́gùn nídìí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tò ó padà, ẹsẹ̀ mi á dúró. Mo ń gbọ́ atẹ́gùn náà níbi tí mo jókòó sí, ó ń súfèé fín-ín, ṣùgbọ́n n ò mọ ibi tó ń gbà wọlé.

Mo sún mọ́ ọn, mo gbóhùn sókè: "Ẹ jẹ́ n bá yín ki rọ́bà yẹn bọ etí."

"Ìwọ náà ti di mẹkáníìkì nìyẹn? Rán aṣọ ẹ."

Inú bí mi. Ìgbéraga ò kúkú ń gbọ́ súfèé.

Tíṣà dé nígbà tí oòrùn ń rọ̀. "Bàbá, tí ò bá ṣeé ṣe, ẹ kàn sọ. Mo lè gbé e lọ síwájú." Ó tún un sọ kó tó yé ọkọ mi.

"Ó ti parí. Ẹ wọlé, ẹ tan án."

Tíṣà tan án. Ọkọ mi kẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó wò mí. N ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Ó ń bẹ̀ mí. Súfèé yẹn ṣì ń dún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, mo mọ̀, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹsẹ̀ mi sì ń wa ẹ̀rọ lọ.

Ojú rẹ̀ tú ká. "Ẹ rọra tẹ iná."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì kú.

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún?" Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Elétí Ajá ṣì wà níbẹ̀."

Tíṣà ń wò mí láti inú ọkọ̀. N ò lè wò ó padà. Aṣọ ti tán lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi, mo sì ń wa ẹ̀rọ lọ, torí bí mo bá dúró, ọkọ mi yóò mọ̀.