Iṣẹ́ Tí A Yọ Kúrò Nínú Ìwé Yéjídé

Àbúrò mi ni Yéjídé, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Onídìrí ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dirun lábẹ́ agboòrùn ní Ìyànà Ìbà, kí wọ́n tó ní kí gbogbo àwọn tó ń tajà létí títì kó ẹrù wọn. Láti ìgbà náà ni òun àti ọmọ rẹ̀, Mofẹ́olúwa, ti wà lọ́dọ̀ mi nínú yàrá kan ṣoṣo ní Òkòkòmàíkò. Mi ò sọ pé wọ́n ni mí lára o. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá náà, ẹ ṣáà wò ó.

Nígbà tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gba èèyàn mẹ́wàá sí oko koríko òkun lápá ẹ̀yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Koríko tí òkun máa ń tì wá sórí iyanrìn, tó máa ń rùn, ni ẹnìkan tún ń gbìn? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ àti ìpara, owó oṣù wà ńbẹ̀, ẹni tí kò sì ṣe irú ẹ̀ rí náà lè wá. Mo sáré relé lọ sọ fún Yéjídé. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa òkun, òun ò tilẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní ta ló bi í.

Ọ̀dọ̀ Dèjì la lọ, ọmọkùnrin tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta nítòsí ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ládùúgbò wa ló ń lọ síbẹ̀, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹran sí ìwé tó bá rù. Ó bi Yéjídé ní iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Yéjídé ní irun lòun ń dì, òun sì ti kọ́ ọmọṣẹ́ mẹ́rin. Dèjì dáwọ́ títẹ̀ dúró, ó wojú mi.

"Àǹtí Ṣeun, ṣé ká fi èyí sínú CV?"

Èmi ni mo dáhùn. "Yọ ọ́. Ta ló ń wá onídìrí sínú òkun? Package ẹ̀ dáadáa."

Bó ṣe yọ ọ́ nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé Yéjídé ti ṣiṣẹ́ fọ́dún méjì níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja, pé ó mọ omi yẹ̀ wò, pé ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Yéjídé ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi wá pé ta ni obìnrin yìí. Inú bí mi. Mo ní kó dákẹ́, pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, wọ́n tó ọgọ́ta tó wá. Obìnrin tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, Madam Peace, di ìwé rẹ̀ mú, ó ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bí iyọ̀ inú omi bá pọ̀ jù. Àbúrò mi ní wọ́n á tọ́ ọ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bi í lórúkọ ọ̀gá rẹ̀ níbi ẹja, kò rí orúkọ dá. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ìgbà tó ń jáde ló tó rí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n ta okùn gígùn láàárín òpó méjì lórí iyanrìn gbígbẹ, àwọn tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ ṣáájú sì ń so ẹ̀ka koríko kéékèèké mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ le jù kó má baà já, kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù kí omi má baà gbé e lọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Eunice wà láàárín wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́rin tí Yéjídé kọ́ níṣẹ́ irun. Eunice ò lọ sọ́dọ̀ Dèjì kankan. Báírò ló fi kọ ọ́ sórí ìwé tó já nínú ìwé ọmọ rẹ̀, pé irun lòun ń dì, òun lè dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ òun sì yá. Wọ́n ní ẹni tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn.

Yéjídé padà lọ bá Madam Peace. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irun ni mo ń dì. Èmi ni mo kọ́ ẹni yẹn níṣẹ́."

Obìnrin náà tún ìwé wò, ó ní òun ò rí irun kankan níbẹ̀. Ó ní èwo gan-an ni irọ́ nínú méjèèjì. Àbúrò mi bá yí padà, ó wálé.

Nígbà tó rò fún mi, mo bú Dèjì. Mo bú ilé-iṣẹ́ náà, mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ síta pé onídìrí làwọn ń wá. Mo bú Eunice pàápàá, mo ní aláìmoore ni. Yéjídé ò bú ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, ó ní irun mi ti gbó, kí n wá. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó wà ní Ìyànà Ìbà lọ, ohun tí àwọn oníbàárà ṣe ń tẹ̀ lé e kiri nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń fà á, ó ń fà á, títí omi fi ń dà lójú mi. Mi ò sọ pé kó dẹ̀ ẹ́.