Ohùn Abẹ́ Mọ́tò

Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, gbogbo Ìgàndò a máa dákẹ́. Ìjọba ti ní kí oníkálukú jókòó sílé kó gbálẹ̀ àyíká rẹ̀, nítorí náà kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ọ̀kadà, kò sì sí ẹni tó ń pe èrò Ìkọ̀tún títí aago mẹ́wàá á fi lù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣì ń sùn. Èéfín pàǹtí tí wọ́n ń jó á rọra gba orí ògiri kọjá, oòrùn á wọ inú rẹ̀, ìyá àgbà kan lójúlé kejì á máa fi ìgbálẹ̀ ha ilẹ̀ ṣùẹ̀, ṣùẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àsìkò yẹn ni ọkọ mi máa ń fi jáàkì gbé mọ́tò rẹ̀ sókè.

Mọ́tò náà kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn gidi ń rà. Sípọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ní àdúgbò tí kòtò ojú ọ̀nà ti lè gbé ewúrẹ́ mì, kí ni èèyàn fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe? Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Dópẹ̀mú ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá bi í ní nǹkan mẹ́ta, á dá ọ lóhùn ẹyọ kan, á fi ẹ̀rín dí ìyókù. Àwọn ará ilé sọ mọ́tò náà ní Ìdọ̀bálẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà ló dà bí ẹni tó ń kí àgbà.

Mẹkáníìkì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló sọ ọ́ di ẹni tó ń tún mọ́tò ara rẹ̀ ṣe. Ó ki jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí kò yẹ, irin pẹlẹbẹ ibẹ̀ sì tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì. Ọkọ mi kò bá a jà. Ó kàn wà á wálé, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án mọ́.

Èmi ní tèmi, mọ́tò kọ́ ni mo ń bá kiri. Ohùn ọkọ mi ni mo ń wá. A ti bí ọmọkùnrin kan ṣáájú ìgbà náà, kò sì dúró de ọjọ́ ìkómọ. Àwọn àgbà ọkùnrin gbé e lọ, wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí fún wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn obìnrin wá jókòó tì mí, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé àdúrà ni. Ṣùgbọ́n omi yẹn ní ojú, ó ní imú, ó sì ti di ìka mi mú. Ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dé, ó jẹun, ó kírun, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa ọmọ náà. Inú bí mi sí i gan-an. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi nìkan ni mo bí i.

Àfi Sátidé ìgbálẹ̀ kan. Ó wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, sílípáàsì kan ti bọ́. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Lójijì ni ohùn wá láti abẹ́ irin.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn jọ tèmi."

Mo di ẹ̀wà mọ́wọ́.

"Ìka ẹ̀ tó kéré jù, ó tẹ̀ díẹ̀. Bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ṣé o rí i?"

Mo ní, "Mo rí i."

Sípánà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tó jáde, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó bi mí pé ṣé oúnjẹ ti jinná. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé ojú mi ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Lábẹ́ mọ́tò, kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé ìgbálẹ̀ tí Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣàìsàn. Bí ọ́ìlì kò bá jò, nọ́ọ̀tì kan á ti dẹ̀. Èmi náà á sì wá iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe, mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ń retí. Oṣù kan, á sọ bí irun ọmọ náà ṣe rí. Oṣù mìíràn, á ní òun lá àlá rẹ̀, ó ń rìn lójú títì Ìjẹ̀gùn, ó ti dàgbà. Ohùn rẹ̀ á máa jáde láti inú òkùnkùn kékeré yẹn pẹ̀lú òórùn ọ́ìlì, èmi á di ojú, á sì dà bí ẹni pé àwa mẹ́ta la wà nínú ọgbà.

Mo wá mọ ètò jíjáàkì náà bí mo ṣe mọ àlùwàlá. Ibi tí kọnkéré ti tẹ́jú níwájú ilé ló máa ń lò, nítorí iyanrìn Ìgàndò, bí òjò bá ti pa á, máa ń gbé jáàkì mì. Ikùn mọ́tò náà rẹlẹ̀ ju orí jáàkì lọ, nítorí náà á kọ́kọ́ wà á gun orí pákó méjì kí àyè lè yọ. Á fi í sínú jíà, á fa bíréèkì ọwọ́, á fi òkúta há àwọn táyà ẹ̀yìn. Á wá ibi tí irin ti nípọn lẹ́yìn táyà iwájú, á fi pákó pẹlẹbẹ lé orí jáàkì kó má baà jẹ irin náà, á wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mọ́tò á gbéra bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Kì í wọ abẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró láé. Ó ní gbígbé niṣẹ́ jáàkì, dídúró kọ́. Kùkùté igi méjì tó nípọn bí odó ló máa ń kì sábẹ́ rẹ̀, á sọ mọ́tò lé wọn lórí. Táyà tó bá sì tú, á tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, nítorí ẹnìkan kò mọ ọjọ́.

Èyí tó kù ni tèmi. Bàbá mi, tó ń ṣe bíríkìlà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í gun pákó tí wọ́n so mọ́ ògiri láìkọ́kọ́ mì í. Ó máa ń ní ohun tí èèyàn bá máa fi ẹ̀mí lé, kó mì í wò kó tó di pé òun ló mi èèyàn. Nítorí náà, kí ọkọ mi tó wọ abẹ́ mọ́tò, mo máa ń fi ìdí ti mọ́tò náà wò.

Á ní, "Ìyàwó, ìdí ẹ yìí máa ba mọ́tò mi jẹ́ ṣá."

Mo máa ń dáhùn pé, "Òun náà ló ń ṣọ́ yín."

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí. Ọmọ ni wọ́n fi ń pe àwọn yòókù: Ìyá lágbájá, Bàbá lágbájá. Ní ti àwa méjèèjì, Ìyàwó àti Ọ̀gá Rédíò la jẹ́. Mo máa ń gbọ́ àlàfo tó wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pè mí.

Sátidé kan lẹ́yìn òjò, ó fi jáàkì gbé mọ́tò tán, ó tú táyà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ gbé kùkùté rẹ̀, kò bá a. Ìyàwó láńdílọ́ọ̀dù ti jó o. Ó rí igi tó ti dúdú fún ọ́ìlì, ó rò pé pàǹtí ni, ó sọ ọ́ sínú iná ìgbálẹ̀.

"Ọ̀gá Rédíò, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ni," obìnrin náà sọ. "Ṣebí búlọ́ọ̀kù wà ńlẹ̀ jàre. Ẹ mú méjì níbẹ̀."

Kò sí ilé kan ní Àlímọ̀ṣọ́ nígbà náà tí kò ní òkìtì búlọ́ọ̀kù níwájú. Gbogbo èèyàn ló ń gbé inú ilé tí kò tíì parí. Búlọ́ọ̀kù la fi ń jókòó, òun la ń gbé dúrọ́ọ̀mù omi lé, orí rẹ̀ la ń tẹ̀ sọdá àgbàrá. Láńdílọ́ọ̀dù yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ohun tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró, ṣé mọ́tò ọlọ́gbọọrọ yìí ni ò ní gbé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí wa. Ọkọ mi pàápàá, tí kì í kánjú, kánjú lọ́jọ́ yẹn. Láti àárọ̀ ló ti ń wò mí tó ń gbójú kúrò, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ sọ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ mọ́tò, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lé wọn, ó fa jáàkì kúrò. Ó tẹ́ ẹní, ó jókòó sórí rẹ̀.

"Má wulẹ̀ tì í lónìí, Ìyàwó. Búlọ́ọ̀kù ni."

Mo ní, "Ẹ dúró ná." Mo fi ìdí tì í.

Búlọ́ọ̀kù náà kò pariwo. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù kan là, ó di iyanrìn bí búrẹ́dì gbígbẹ tí èèyàn fún lọ́wọ́, mọ́tò sì jókòó. Táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló gbà á, àyè tó kù lábẹ́ rẹ̀ kò gba àyà èèyàn. Eruku dìde sínú oòrùn, ó ń tàn yinrinyinrin, mo rántí pé ó lẹ́wà. Ìdajì ẹní wà lábẹ́ mọ́tò. Ọkọ mi jókòó sórí ìdajì kejì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù, ó pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ṣé ẹyọ kan ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù ni? Nínú ògiri, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló dì í mú. Ẹ wá gbé òun nìkan dúró!"

Ọkọ mi fi ọ̀rá ńlá kan bo mọ́tò. Sátidé ìgbálẹ̀ dé, ó jókòó sínú yàrá, ó ń wo ògiri. Èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà láàyè, mo sì ń sunkún nínú ilé ìdáná, nítorí pé ohùn yẹn ti lọ, ọmọ mi sì tún bá a lọ.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin lọ lójú ọ̀nà Ìdímù. Mo fi ọwọ́ júwe ohun tí mo fẹ́ fún un: ẹsẹ̀ mẹ́rin tó fẹjú nísàlẹ̀, orí pẹlẹbẹ lókè, méjì.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé táǹkì omi lẹ fẹ́ gbé lé e ni?"

"Ọkọ mi ni mo fẹ́ gbé sábẹ́ ẹ̀."

Ó wò mí. Ó gbé irin tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀, ó lọ mú èyí tó nípọn jù ú lọ.

Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn wálé, mo tò wọ́n síwájú ọkọ mi bí ẹni gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó gbọ̀n wọ́n wò. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ó tún dìde. Nígbà tí Sátidé ìgbálẹ̀ dé, mo jí, mo gbọ́ tí ó ń ká ọ̀rá kúrò lórí mọ́tò.

Ó ṣe gbogbo ètò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá pè mí. "Ìyàwó, wá tì í."

Mo fi gbogbo ara tì í. Kò mì. Òun náà tì í. Ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló wọ abẹ́ rẹ̀. Èéfín ń kọjá, ìyá àgbà ń gbálẹ̀, mo gbé ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, n kò ṣa ẹyọ kan.

"Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ sọ ọ́," ohùn náà sọ. "Mo ti mú un sílẹ̀ de ọjọ́ ìkómọ. Òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí búlọ́ọ̀kù fọ́."

Ó pe orúkọ náà.

N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹnikẹ́ni kò fi pe ọmọ náà rí, n kò sì fẹ́ kó di ti gbogbo ayé báyìí. Mo sunkún títí ìró mi fi tutù. Nígbà tí ohùn mi padà, mo na ọwọ́, mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá," mo sì fi orúkọ náà kún un. "Ẹ rọra ṣe níbẹ̀."

Aago mẹ́wàá ti lù, ọ̀kadà àkọ́kọ́ ti kọjá lójú títì.

"Ó dáa, Ìyá," ó ní, òun náà sì fi orúkọ ọmọ náà kún un. "Na sípánà kékeré yẹn sí mi."