Èéfín Àárọ̀ Lẹ́yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju bọ́ọ̀tù ọkọ̀ bàbá mi lọ, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tèmi nìkan nílé wa ní Alajo, nílùú Àkrà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi mí rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ náà ni kí n dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láràárọ̀, kí n máa wo èéfín.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní Mamobi. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é, kì í sì í bínú. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú jù ni ọkọ̀ rẹ̀. Àlòkù ló rà á, síbẹ̀ bí àlejò bá jókòó, kó tó gba omi mu, bàbá mi á ti sọ fún un pé wọn kò tíì ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Láyé ìgbà náà, iyì ńlá nìyẹn.

Ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá fi ọkọ̀ náà gbé òun wá sọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá àgbà, kò lè wọ mọ́tò èrò mọ́, ó sì fẹ́ rí àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ kó tó pa ipò dà. Èmi kò tíì fojú kàn án rí. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé orí ẹní tèmi ni yóò máa sùn.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Bàbá mi á rọ ọ́ìlì sí i lọ́jọ́ Ajé, bó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, tó bá fa gééjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà kan tí òun àti bàbá mi jọ ń sọ èdè Hausa, ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rin ìrìn ọjọ́ méjì, ẹ́ńjìnnì lè kú mọ́ ọn lọ́nà. Ó ní kí a tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Páálí mọ́ tónítóní, kò jò. Ó wá ní kí a máa wo ẹnu sàléńsà láàárọ̀, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, kí a wá jábọ̀ fún òun.

Ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn kò lè rí ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kàn mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èéfín tó rí bí omi aró bò mí lójú, kò sì pẹ́ tó fi pòórá. Bàbá mi yọrí lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá mo rí nǹkan kan. Bó ṣe ń wò mí, mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí n rí i. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra bọ̀fúrọ́ọ̀tù gbígbóná, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ti Àkrà, fún mi kí n tó lọ sílé kéwú. Lọ́jọ́ kejì mo tún ní kò sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ jábọ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì mirí. Ó ní ká ní ó ń rú èéfín láàárọ̀ ni, rọ́bà kéékèèké orí fáàfù ló ti gan, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò ní ká ṣí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí kò ti jò, tí kò sì rú èéfín yìí, ríìngì inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ, àfi ká ṣí i. Ojú bàbá mi fà ro. Ó ní òun á rò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, ó sì yé mi. Ó yẹ kí n lanu nígbà yẹn. Ẹ̀rù bà mí nítorí bọ̀fúrọ́ọ̀tù tí mo ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń rò ó, tó ń rọ ọ́ìlì, tó ń ránṣẹ́ sílé pé òun ń bọ̀, fún oṣù méjì gbáko. Láràárọ̀ ló ń bi mí, láràárọ̀ ni mo ń ní kò sí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Mẹkáníìkì ń lọ sí Dansoman láàárọ̀ kan, ó yà kí wa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dúró sí nígbà tí bàbá mi sítáàtì rẹ̀, èéfín sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ti ń rú bẹ́ẹ̀. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wo èéfín náà bó ṣe ń tán lọ, ó wá wò mí. Kò nà mí. Ì bá tiẹ̀ nà mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ojú rẹ ni mo yá lò."

Wọ́n pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n tó pe ìrun Alásàárì iṣẹ́ ti parí. Ní ìdájí Jímọ́ọ̀, a gbéra, èmi àti òun, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan nínú bọ́ọ̀tù. A sùn lọ́nà, a dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé, bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gééjì yọ. Ibi tí ọ́ìlì wà ní Àkrà náà ló wà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kò mu ún rárá. Nígbà tó gbójú sókè ló rí àwọn èèyàn tó jókòó lórí ẹní níwájú ilé. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Wọ́n béèrè ohun tó dá a dúró. Ó ní ọkọ̀ ni. Títí tó fi kú, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá mi kò gbọ́. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì náà bá wa padà sí Alajo, a kò ṣí i.

Ayé ti yí. Ọmọ ọmọ mi ń ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárìn, fóònù rẹ̀ á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó nílò ojú ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ń bi èèyàn. Ẹsẹ̀ ti ń dun èmi náà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní ìlú òkèèrè pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" Mo mọ bó ṣe fẹ́ kí n dá òun lóhùn. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Mo wá sọ fún un pé ó ń dùn mí, ó ń dùn mí gan-an, pé bó bá fẹ́ wá wò mí, kó má ṣe rò ó pẹ́.