Láàárín “Ẹ jókòó” àti “Jókòó”

Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi nílé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlá, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn yòókù bá ti lọ gbá bọ́ọ̀lù, èmi àti àwọn ọmọ díẹ̀ a kó sínú láíbúrárì, a ó ka ìtàn kúkúrú tàbí ká wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà mi. Wọn ò gbọdọ̀ sọ fún mi pé fíìmù dùn. Ẹni tó bá ní ó dùn, màá ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àkàrà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé, kí ni kámẹ́rà wò, kí ló kọ̀ tí kò wò? Kí ni òǹkọ̀wé mọ̀ tó fi pamọ́ fún wa, kí sì nìdí tó fi fi í pamọ́? Inú mi kì í pẹ́ bà jẹ́ sí ẹni tó bá dáhùn gbàgẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ní kíláàsì àṣekágbá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá la ẹnu, tèmi náà á pa dé. Ìgbà kan tí a ka ìtàn ọkùnrin kan tí kò sunkún níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, tó kàn ń nu bàtà olóògbé náà ṣáá, ọmọ yìí ló sọ pé òǹkọ̀wé ti kó gbogbo ẹkún náà sínú bàtà. Ó wù ú kó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ sì ní nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe.

Bàbá náà ń ṣiṣẹ́ káńsù ní Ọ̀tan Ayégbajú. Alàgbà ni nínú ìjọ, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ní rárá, ó parí nìyẹn. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Ìyá ti kúrò nílé láti ìgbà tí ọmọ wà ní kékeré. Mo lọ bá a nílé. Ó fún mi ní mínírà tútù, ó wá ní, “Ẹ má bínú, mà. Mi ò bí ọmọ fún tíátà.” Mo bínú, àmọ́ ilé onílé ni mo wà. Mo sọ fún un pé ìdíje fíìmù kékeré fún àwọn ilé ìwé ń bọ̀ ní Òṣogbo. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bá ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe, kó jẹ́ kó yan fíìmù nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé.

“Bí wọn ò bá wá ní bẹ́ẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni.

Fóònù ni àwọn ọmọ fi ya fíìmù wọn, nínú kíṣínì ẹ̀yìn ilé ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin yìí ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló sì darí rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ló wà nínú fíìmù náà, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Láràárọ̀ tí àbúrò ọkọ bá wọlé, ìyàwó á kúnlẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, Adúmáadán. Ẹ jókòó.” Ilé ọkọ ni, ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọkọ lórúkọ. Adúmáadán á ṣí ìkòkò, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á tu ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á bu iyọ̀ kún un. Lọ́jọ́ mìíràn á da gbogbo rẹ̀ nù sí gọ́tà, tòun tẹran. Nígbàkígbà tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ ni kámẹ́rà ń kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé ìdí ìkòkò àti ẹsẹ̀ àlejò nìkan là ń rí.

Ó wá di àárọ̀ ìkẹyìn. Ìyàwó ń rẹ́ ilá. Ilẹ̀kùn dún. Kámẹ́rà kò kúrò lára ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ dúró díẹ̀, ìyàwó ní, “Jókòó.” Ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ilá. Lẹ́yìn ọ̀bẹ náà, ẹsẹ̀ àlejò padà sẹ́yìn, ó jáde. Fíìmù parí.

Èmi ní kó jẹ́ ká rí ojú ìyàwó níbẹ̀, tàbí kó fi orin díẹ̀ sí i. Ọmọ náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ojú bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ò ní rí nǹkan kan sọ mọ́.” Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún gbogbo wọn.

Òfin ìdíje ni pé kí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ gbogbo fíìmù. Àwọn ọmọ kọ ọ́, kò sí àṣìkọ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé Òṣogbo, gbọ̀ngàn kún, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo. Etí àwọn adájọ́ kò gbọ́ nǹkan kan, ni wọ́n bá gbé ojú lé Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. “Ẹ jókòó” àti “Jókòó,” ohun kan náà ló kọ fún méjèèjì. Olórí adájọ́ ní àwòrán wa dára, àmọ́ nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: obìnrin kan ní kí àlejò òun jókòó, àlejò náà sì lọ.

Mo yarí. Mo lọ bá a nídìí mọ́tò rẹ̀. Yorùbá ni, bíi tèmi.

“Sà, ìyàwó ilé ní ‘Jókòó’ fún àbúrò ọkọ, ẹ ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀?”

Ó wò mí. “‘Jókòó’ ló sọ?” Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó bẹ̀ mí gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ẹ̀bùn tán, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ìlá, ọmọ náà kò sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá rẹ̀ wá sílé ìwé. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní kí n jẹ́ kóun wo ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ òun rí oorun sùn. A ránṣẹ́ pe ọmọ náà, mo sì tan kọ̀ǹpútà nínú láíbúrárì.

Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyàwó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Adúmáadán. Nígbà tí ọbẹ̀ lọ sí gọ́tà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ìyàwó ṣe ní “Jókòó,” ó fò dìde: “Háà!” Inú mi dùn, ẹnì kan ti gbọ́ ọ! Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé bí ìṣe mi, mo ń fi ọ̀bẹ hàn án, mo ń fi ẹsẹ̀ hàn án.

“Ẹ dákẹ́ ná, mà. Ẹ jẹ́ ká tún un wò.”

A tún un wò. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó ní, “Ibo lo wà lọ́jọ́ náà?”

“Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, Dádì.”

“Wọ́n ní o ò tíì jí.”

“Mo ti jí, Dádì.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíṣínì ilé wọn gan-an ni mo ti ń wò láti ìgbà yìí. Ojú tì mí. Mo dìde kí n jáde, àmọ́ bàbá náà tún ti la ẹnu.

“Ọbẹ̀ tí wọ́n dà nù yẹn…”

“Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Dádì.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó. “‘Jókòó’ yẹn nìkan ni wọ́n sọ fún mi,” ó ní. “Àbúrò mi ní ìyàwó mi sọ̀rọ̀ sóun bí ẹní ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn. Mo ní kí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i. Méjèèjì jọ wà lọ́kàn mi ni. Ó ní kí ọmọ náà lọ yan fíìmù, òun ò ní sọ ti nọ́ọ̀sì mọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń tàn án, ó ń pa á, ó wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó mọ ẹni tó lè ní nọ́ńbà ìyá rẹ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n sórí, Dádì,” ọmọ náà ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà fún un.