Kọmíṣánnà Yẹ Ẹran Wò

Ẹ gbà mí o! Lónìí, Kọmíṣánnà yọjú wo inú maikirosíkóòpù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó ní ẹran mọ́!

Láàárọ̀ la dá ẹran màlúù kan dúró ní láàbù wa ní Zaria, torí kókó kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. À ń fura sí ikọ́ fée. A ò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò: ìjọba ra ẹ̀rọ olówó ńlá, wọn ò ra oògùn aró tí a ó fi lò ó kí kòkòrò àrùn lè hàn.

Ni Kọmíṣánnà bá kó onífọ́tò dé. Ó dojú bo ẹ̀rọ, ó ń mirí.

"Mo rí i. Ẹran yìí mọ́ tónítóní."

Mo ní, "Ọ̀gá, a ò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀ o."

"Màdáámù, ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ọ̀gá mi ní láàbù, ẹni tó dá ẹran yẹn dúró gan-an, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ tì í lójú! Alápatà tó ni màlúù náà pariwo "Ranka ya dade!", pé kí ẹ̀mí Kọmíṣánnà gùn, ó kó ẹran rẹ̀ sínú mọ́tò, ó forí lé ọjà Tudun Wada.

Ẹ̀yin ará Tudun Wada, ta ló ra ẹran lónìí? Ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀ ná, kí ẹ dá mi lóhùn.